Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Kétu tí Ẹ Ń Sá fún Ogbó

Ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin àbúrò mi, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ẹ ti lé ní ọmọ 18 ọdún, tí ẹ kò sì tíì pé 35,

Mo kí yín láti ilé mi ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Agbẹ̀bí tí ó ti fẹ̀yìntì ni mí, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi gba ọ̀pọ̀ nínú yín nígbà tí ẹ ń wá sáyé. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé mo ti mọ awọ ara yín kí ẹ̀yin fúnra yín tó mọ̀ ọ́n, irọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ awọ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé kò kan ẹnì kan ṣoṣo, àti nítorí pé nígbàkúùgbà tí mo bá sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni ẹ máa ń rín, ẹ ó ní, "Màmá, ayé ti yí padà."

Ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ síbi ìkómọjáde kan ní àdúgbò wa. Bàbá tí ó dàgbà jù lágbo ni ó mú obì lọ́wọ́, ó sì wúre fún ìkókó náà gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe é: ọmọ yìí á gbó, á tọ́, á hu ewú lórí, á fi èrìgì jobì. Gbogbo wa ṣe àṣẹ. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó tì mí, tí kò ju ọmọ 23 ọdún lọ, ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Nígbà tí a jẹun tán, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kórí jọ sídìí fóònù, wọ́n ń lo ohun kan tí ó máa ń sọ àwòrán ojú ọ̀dọ́ di ojú arúgbó. Nígbà tí ó kan tirẹ̀, tí ó rí ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú ewú àti awọ tí ó hunjọ, ó lọgun, ó da fóònù náà dojú dé lórí ẹní, ó ní kí wọ́n pa àwòrán náà rẹ́ kíá. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi, láìfi ṣe àwàdà, pé láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọ 19 ọdún ni òun ti ń lo pọ̀máàdì tí wọ́n kọ "anti-âge", ìyẹn "adènà ogbó", sí lára, kí òun má baà rí ojú yẹn láé. Ṣùgbọ́n èmi náà ti yọjú wo àwòrán náà. Ojú ìyá ìyá rẹ̀ gan-an ni, ẹni tí mo mọ̀ dáadáa, tí gbogbo àdúgbò sì ń pè ní arẹwà títí ọjọ́ tí ó fi kú.

Mo rò ó títí mo fi délé. Ohun tí ó ṣe àṣẹ sí ní òwúrọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń náwó láti sá fún ní ọ̀sán.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bú yín. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Àwọn ìyá wa kun osùn, wọ́n lé tìróò, wọ́n fi làálì ṣe ẹsẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì ń fi òrí pa ara nígbà ọyẹ́ títí ara á fi máa dán. Ẹni tí ó bá ní ìtọ́jú ara jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò bá mi tan. Ohun tí mo rí tí ó jẹ́ tuntun ni ẹ̀rù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ń ka ewú kọ̀ọ̀kan nínú irùngbọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń ka gbèsè. Ọmọbìnrin tí awọ rẹ̀ ṣì ń dán bíi ti ìkókó ń wá oògùn àìsàn tí kò ṣe é. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi, bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan mìíràn, ni pé púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń rà láti fi dènà ogbó gan-an ni ó ń mú un yá.

Èmi fúnra mi jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ 31 ọdún, lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, àwọn àmì dúdú kan yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì. Mo ṣe bí ogbó ni ó dé. Oyún ni ó fà á, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n rọra pa rẹ́ fúnra wọn bí mo bá ní sùúrù. Ẹnì kan tí ó ń tajà fún mi ní ọṣẹ kan àti ìpara kan tí kò ní orúkọ lára. Láàárín oṣù méjì, ojú mi mọ́, àwọn ènìyàn ń bi mí léèrè ohun tí mò ń jẹ, inú mi sì dùn. Ní ọdún kẹta, àwọn àmì náà padà wá, wọ́n dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì ní àwọ̀ bí aṣọ aró tí ó ti ṣá. Àwọ̀ oríkèé ìka ọwọ́ mi kò tíì padà bọ̀ sípò di òní yìí. Ẹni tí ó bá pàdé mi lọ́nà lè ní kí n na ọwọ́ mi kí òun wò ó. Agbẹ̀bí ni mo jẹ́ nígbà náà, mo kàwé, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè ohun tí ó wà nínú ìgò náà. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n béèrè.

Ohun tí ó wà nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀, mo wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni hydroquinone, tí ó máa ń dí ara lọ́wọ́ kí ó má lè ṣe àwọ̀ dúdú rẹ̀. Ní 1975, dókítà awọ kan ní South Africa, G. H. Findlay, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí wọ́n ti lo ìpara tí èyí pọ̀ nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ojú wọn wá dúdú bí aró, tí ó sì ń há ọwọ́ bí ènìyàn bá fọwọ́ pa á. Mo ka àpèjúwe náà, mo sì rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi nínú rẹ̀. South Africa fòfin de àwọn ìpara bẹ́ẹ̀ ní 1990, ìparapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yọ hydroquinone kúrò nínú ìpara ẹ̀ṣọ́ ní 2001, Côte d'Ivoire náà sì fòfin de àwọn ìpara abóra ní 2015. Síbẹ̀, ẹ wo orí àtẹ ní ọjà wa, bóyá láti Ìlárá ni wọ́n ti gbé e wọlé tàbí láti Kutọnu.

Èkejì ni àwọn corticoïde, oògùn tí ń mú wíwú àti yíyún awọ rọlẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní clobétasol. Oògùn gidi ni, dókítà sì lè fi wo àléfọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi í pa ojú láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù yóò rí i pé awọ rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i, òpó ẹ̀jẹ̀ á hàn lábẹ́ rẹ̀, ara á là bíi ti ẹni tí ó bí ìbejì, egbò kékeré kò sì ní tètè jinná. Àwọn àmì wo nìwọ̀nyí bí kò ṣe ti arúgbó? Ní yàrá ìgbẹ̀bí, mo ti rán ojú egbò obìnrin tí kò tó 30 ọdún, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé òwú ń fà á ya bí ẹni ń rán bébà tí omi ti rin. Mo rán an lẹ́ẹ̀mejì, mo rán an lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ń sunkún ìrora, èmi náà sì ń làágùn. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní pọ̀máàdì tí ń mú ara jọ̀lọ̀ lásán ni.

Ẹ̀kẹta ni mẹ́kúrì, irin olóró kan. Òun kì í sábà jẹ́ orúkọ yìí lára páálí. Ó lè jẹ́ "calomel" tàbí "mercurio". Bí ẹ bá rí ìpara tí wọ́n kọ sí lára pé kí ẹ má jẹ́ kí ó kan wúrà, fàdákà tàbí alumíníọ́ọ̀mù, ẹ fura, nítorí pé mẹ́kúrì ni ó máa ń ba irin wọ̀nyẹn jẹ́. Kíndìnrín ni ó máa ń bá jà nínú ara. Kì í sì í dúró lára ẹni tí ó pa á nìkan: ó ń lọ sára aṣọ ìnura, sára ọmọ tí a gbé mọ́ra, àti sára ọmọ inú oyún. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní 2013 ní kí a mú un kúrò nínú ìpara ara.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ni ẹ̀tàn. Àwọn oògùn tí ó jẹ́ ìbátan fítámì A, tí ẹ ń pè ní rétínọ́ọ̀lì àti àwọn tí ó lágbára jù ú lọ, ní ẹ̀rí lẹ́yìn fún awọ tí oòrùn ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ 19 ọdún kò tíì bàjẹ́ tí ẹnì kan yóò fi máa tún un ṣe. Obìnrin tí ó bá lóyún tàbí tí ó ń retí oyún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbólóhùn yìí ni n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ń polówó rẹ̀ fún yín lórí fóònù. Ní ti abẹ́rẹ́ Botox, májèlé kòkòrò àìfojúrí kan ni wọ́n fi ń mú iṣan ojú rọ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún ìlà tí ó wà láàárín ojú méjèèjì ní 2002. N kò tíì rí ẹni tí ó lò ó ní Kétu, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí wá ni ó ń sọ awọ di arúgbó? Ẹ padà sílé, ẹ ní kí ìyá yín ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ẹ wo inú apá rẹ̀ lápá òkè, níbi tí aṣọ máa ń bò, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni a bí àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí láàárín wọn, oòrùn ló fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún ní ipa tirẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò dá a dúró: ohun tí ń mú awọ le, tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìnì, ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà èwe wa. Sìgá náà ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ni baba wọn.

Ní 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àwòrán awakọ̀ kan jáde, ọkùnrin ẹni ọdún 69 tí ó ti fi ọdún 28 wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà. Ìdajì ojú rẹ̀ tí ó wà lápá fèrèsé ọkọ̀ ti hunjọ, ó sì ti ki bí awọ ìlù, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì kejì rí bíi ti àbúrò rẹ̀. Dígí ọkọ̀ ń dí ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB, èyí tí ń jó ni lára, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí irú kejì, UVA, kọjá, UVA yìí sì ni ó ń wọ inú awọ lọ láìro ni. Bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn dígí bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí a sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi zẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò wa, ná ọ̀nà Pọ́bẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ láìsí ohunkóhun lójú?

Ẹlẹ́dàá ti fún wa ní ìbòjú tiwa. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1979 wọn bí òkè awọ ṣe ń dí oòrùn tí ń jó ni, lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní SPF: ti àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ 13.4, ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.4. Ìdí nìyí tí awọ wa fi máa ń pẹ́ kí ó tó hunjọ. Ẹni tí ó bá wá bó àwọ̀ yẹn kúrò nítorí kí ó má baà gbó dà bí ẹni tí ó ju agboòrùn nù ní ọ̀sán gangan kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lórí. Lóòótọ́, ìbòjú náà kò dí oòrùn tán. Ní tiwa, kí ìlà tó hàn lójú, àmì dúdú dúdú àti àwọ̀ tí kò dọ́gba ni a kọ́kọ́ máa ń rí, àwọn àmì wọ̀nyí gan-an ni wọ́n sì fi ń ta ìpara abóra fún yín. Ẹ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí po: oòrùn fa àmì, ẹ ra ìpara, ìpara ká ìbòjú kúrò, oòrùn tún wọlé.

Ní ìlú Nambour ní Ọsirélíà, wọ́n pín àgbàlagbà 903 tí wọn kò tíì pé 55 ọdún sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní kí apá kan máa fi ìpara tí ń dí oòrùn pa ara lójoojúmọ́, kí àwọn yòókù ṣe bó ṣe wù wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, àmì ogbó lára awọ àwọn tí ń pa á lójoojúmọ́ fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù. Àwọn aláwọ̀ funfun ni púpọ̀ nínú wọn, n kò sì fẹ́ fi ti wọn wọn tiwa ní gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìpara "anti-âge" kan lórí àtẹ ní Kétu tí ó lè fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn yín.

Ẹ ó ní ìpara tí ń dí oòrùn wọ́n ní fámásì, àti pé ó máa ń mú ojú dúdú dà bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn. Òdodo ni. Èyí tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ nínú dára jù fún wa, SPF 30 sì tó; bí ẹ bá wà níta, ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì méjì. Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀, kí ó dé akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀, kí ó wọ aṣọ alápá gígùn, kí ó sì lo agboòrùn. Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn baba wa fún un: a-gba-oòrùn. Òrí ń mú awọ rọ̀, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ọyẹ́, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó tó dí oòrùn.

Ẹ̀yin ọkùnrin, mo mọ̀ pé ẹ rò pé àwọn obìnrin nìkan ni mò ń bá wí. Àwọn àgbà ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, màámú làfojúdi. Ẹ̀yin fẹ́ irùngbọ̀n, ẹ kò fẹ́ ewú tí ó bá a wá. Èròjà dúdú tí ẹ fi ń pa ewú náà rẹ́ sábà máa ń ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní paraphénylènediamine, tí ó lè mú kí ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á wú títí kò fi ní ríran. Ẹ kọ́kọ́ kán díẹ̀ sẹ́yìn etí, kí ẹ dúró fún wákàtí 48, kí ẹ tó fi kan irùngbọ̀n.

Nípa ẹ̀rù náà, ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé Kétu ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ìlú wa yìí ni wọ́n ń tọ́ka sí bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ àgbáyé UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ta ni a ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún? Àwọn ìyá wa ni, àwọn àgbà obìnrin tí ọ̀rọ̀ wọn ní àṣẹ. Ọkùnrin tó lágbára á di aṣọ mọ́dìí, á gbé ère sórí, á jó títí òógùn á fi bò ó, nítorí kí inú àwọn arúgbó obìnrin lè dùn sí ìlú. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín á ní àwọn ère náà pàápàá máa ń gba ọ̀dà tuntun kí wọ́n tó jáde sí agbo. Bẹ́ẹ̀ ni. Igi ni wọ́n.

Ẹ̀rù náà ní owó tirẹ̀ tí ẹ ó san lọ́jọ́ iwájú. Ní 2002, olùwádìí kan, Becca Levy, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 660 ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo wọn ti tó ẹni 50 ọdún nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò nípa bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Àwọn tí èrò wọn nípa ogbó dára fi ọdún méje àtààbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí èrò wọn burú lọ. Ẹ̀yin kò tíì dé 50, ṣùgbọ́n èrò tí ẹ ó gbé débẹ̀, ìsinsìnyí ni ẹ ń kó o jọ, nínú fóònù àti lórí àtẹ ọjà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ kó àwọn ìgò àti páálí ìpara yín wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo wa á jọ ka ohun tí a kọ sí wọn lára. Ẹni tí ó bá ti ń lo corticoïde fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí pé ojú lè pọ́n kí ó sì wú. Kí ó lọ rí dókítà tí yóò máa dín in kù fún un. N kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tí ó fi rà á. Èmi náà rà á.

Ọmọbìnrin ibi ìkómọjáde yẹn ti wá. Ìgò márùn-ún ni ó kó wá. Méjì kò ní orúkọ, ọ̀kan sì kìlọ̀ nípa wúrà àti fàdákà. Nígbà tí a kà wọ́n tán, mo wọlé lọ mú fọ́tò ìyá ìyá rẹ̀ kan tí mo ní, èyí tí a yà níbi ìgbéyàwó kan nígbà tí màmá náà ti lé ní 70 ọdún. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán inú fóònù rẹ̀, tí ó hàn pé kò pa rẹ́ rárá. Ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní etí wọn nìkan ni kò jọra.

Èmi ni, ìyá yín,
agbẹ̀bí tí ó ti fẹ̀yìntì, ní Kétu.